Bí A Ṣe Ń Kọ Pátákó Tí Ẹni Tó Ń Rìn Lọ Lè Kà

Kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà rárá, ẹ lọ dúró síbi tí ẹ fẹ́ gbé pátákó náà sí, kí ẹ sì pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ wá ojú ibi tí àwọn èèyàn ti ń dẹ ẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n ń wo ọ̀tún wo òsì nítorí pé wọn ò mọ ọ̀nà tí wọn yóò yà sí. Ibẹ̀ gan-an ni kó wà. Bó bá fi ìṣísẹ̀ díẹ̀ kọjá ibẹ̀, ẹni tó yẹ kó kà á yóò ti ṣìnà kó tó rí i. Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà. Mo lè fi wákàtí kan wo ẹsẹ̀ aráàlú láìsú mi.

Ohun tí ẹni náà máa ṣe ni kó ṣáájú, kí àlàyé tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé, “A ń fi àsìkò yìí sọ fún gbogbo èèyàn pé ilẹ̀kùn yìí ti bàjẹ́”, yóò ti fa ilẹ̀kùn kó tó kà á dé ìdí. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ẹ gba ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì. Eléyìí ti bàjẹ́.” Ẹ má sì yọ “Ẹ” yẹn kúrò. Ẹ ò mọ àgbà tó ń bọ̀ wá kà á.

Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ àkọ́kọ́ ṣí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1958, lẹ́tà ńlá ni Jock Kinneir àti Margaret Calvert, àwọn tó ya àwọn pátákó rẹ̀, fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú lórí wọn, wọ́n sì fi lẹ́tà kékeré kọ ìyókù. Èrò wọn ni pé ojú máa ń tètè dá ìrísí ọ̀rọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fara mọ́ ọn, pàápàá fún Yorùbá, torí pé bí gbogbo lẹ́tà bá jẹ́ ńlá, àmì ohùn kì í ráyè lókè.

Ibi àmì ohùn ni iṣẹ́ wà. Kọ̀ǹpútà ní ẹ àti ọ lódindi, ṣùgbọ́n ṣe ló ń so àmì mọ́ wọn kó tó di ẹ́ tàbí ọ̀. Fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, tí wọn ò ṣe fún irú èyí á gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó jù ú sórí lẹ́tà kejì. Nítorí náà, kí ẹ tó yan fọ́ǹtì, ẹ fi ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀, ń, ǹ àti ṣ dán an wò, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ẹ jẹ́ kí ìlà jìnnà síra ju bí ẹ ṣe rò lọ, kí àmì abẹ́ ìlà òkè má baà kọlu àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀. Ẹ má fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ láé: ó ń gbé àmì abẹ́ mì. Bí ẹni tó ń bá yín kọ ọ́ bá ní àwọn àmì wọ̀nyí ń ba ẹwà jẹ́, ẹ má gbà fún un. Lẹ́tà ni kó dín kù, kì í ṣe àmì.

Ní ti àwọ̀, dúdú lórí yẹ́lò tàbí funfun lórí àwọ̀ tó ṣókùnkùn ti tó.

Níkẹyìn, ẹ bẹ ẹnì kan tí kò mọ ibẹ̀ pé kó kọjá bó ṣe máa ń rìn, kí ẹ sì bi í ní ohun tó yẹ kó ṣe. Bó bá padà lọ kà á, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa yọ pátákó náà sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, torí pé ẹni tó ti bá pátákó tọ́jọ́ rẹ̀ ti kọjá pàdé níbẹ̀ kò ní ka tuntun mọ́.