Gíráńdà àtijọ́ dákẹ́? Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nídìí wíwá páàtì

"Ẹ bá mi wá kábọ́ọ̀nù gíráńdà." Ohun tí ọ̀pọ̀ wẹ́dà àti káfíńtà ń sọ nìyẹn tí wọ́n bá dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta páàtì ní Láfẹ́nwá tàbí Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta, ibẹ̀ gan-an ni owó sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfò. Kábọ́ọ̀nù gíráńdà, ìyẹn èédú kékeré méjì tó ń gbé iná wọ ibi tó ń yí nínú ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin, kò ní ìwọ̀n kan ṣoṣo. Ìyàtọ̀ ààbọ̀ mìlímítà tó láti ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó ń tà á kò purọ́ tó bá ní òun ní in. Èyí tó wà nílẹ̀ ló kàn ń gbé fún yín.

Ẹ tú ẹ̀rọ náà kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ yọ kábọ́ọ̀nù méjèèjì, kí ẹ fi fàníà (irinṣẹ́ tí a fi ń wọn mìlímítà) wọn ìnípọn àti ìbú rẹ̀. Gígùn kò ṣe é gbára lé, torí èyí tó wà lọ́wọ́ yín ti jẹ. Ẹ wo ìdí rẹ̀ pẹ̀lú, bóyá sípíríìnì ló wà níbẹ̀ tàbí wáyà tó ní ẹnu. Ẹ mú ògbólógbòó náà dání lọ sọ́jà. Èyí tó bá tóbi jù yóò há sínú ilé rẹ̀, kò ní lè sún síwájú bó ṣe ń jẹ, ẹ̀rọ yóò máa ta iná, yóò sì máa dákẹ́. Èyí tó bá kéré yóò máa mì, òun náà á máa ta iná, á sì máa ha òrùka bàbà tó ń gbá lé. Bó bá jẹ́ pé ó fi ìwọ̀nba díẹ̀ tóbi, ẹ tẹ́ sáńpépà tó kúnná sórí gíláàsì, kí ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ kábọ́ọ̀nù náà fa orí sáńpépà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa yọ̀ wọlé láìsí agídí. Èyí tó kéré kò ní àtúnṣe. Ẹ má pààrọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo, méjèèjì ni. Tí ẹ bá ti dá gbogbo ẹ̀ padà, ẹ jẹ́ kó máa yí lásán fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó fi gé irin.

Àwọn kábọ́ọ̀nù kan wà tí wọ́n fi nǹkan kékeré sínú wọn tó máa ń já iná fúnra rẹ̀ nígbà tí kábọ́ọ̀nù bá jẹ dé ibi tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ á kàn dákẹ́ lójijì. Ọ̀pọ̀ gíráńdà tí wọ́n ti tà fún oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù pé ó ti jó, kò ju báyìí lọ.

Àṣìṣe tó ń jẹ owó jù lọ ni ti àmáṣọ̀, ìyẹn irin tí wọ́n wé wáyà mọ́, tó ń yí nínú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tòkunbọ̀ tó ń ti ìlú Ọba wá jẹ́ ti àwọn tó ń kọ́lé, 110V ni wọ́n ń jẹ, púlọ́ọ̀gì wọn sì pupa rúsúrúsú bí yẹ́lò. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120V, ti Japan jẹ́ 100V. Kí ẹrù tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹnì kan lè ti gé púlọ́ọ̀gì náà, kó fi èyí tí a ń lò níbí rọ́pò rẹ̀. Iná tiwa jẹ́ 230V. Wọ́n á tan án, á pariwo bí ẹni tí orí gbóná, á jó. Olówó ẹ̀rọ á wá lọ ra àmáṣọ̀ tó jọ ọ́: gígùn kan náà, eyín kan náà, ó wọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ti 230V ni, wáyà rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì wé ju ti àkọ́kọ́ lọ, nígbà tí kọ́ìlì tó yí i ká ṣì jẹ́ ti 110V. Àwọn méjèèjì kò lè bá ara wọn ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹ ka pátákó kékeré ara ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n kọ iye iná tó ń jẹ sí, kí ẹ tó ná ohunkóhun. Bó bá jẹ́ 110V, transformer tó ń dín iná kù sí 110V, tó sì lágbára tó, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe àmáṣọ̀.

Tó bá wá jẹ́ àmáṣọ̀ ni lóòótọ́, ẹ wọn gígùn rẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹ wọn ibi tó sanra, ẹ ka eyín tó wà lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ sì wo apá ibi tí eyín náà dà sí. Jíà ńlá tó ń bá a yí, ẹ rà á pọ̀. Eyín tuntun lórí eyín tó ti jẹ kì í pẹ́.

Nọ́ńbà bíárìn, òrùka irin tó ń jẹ́ kí àmáṣọ̀ yí geere, wà lára rẹ̀. Ẹ nu gírísì kúrò kí ẹ kà á. 6201 àti 6001 jọ ní ihò mìlímítà 12, ṣùgbọ́n ìta 6201 jẹ́ 32, ti 6001 jẹ́ 28. Ẹ wo lẹ́tà ẹ̀yìn nọ́ńbà náà: ZZ ni èyí tí wọ́n fi irin bo ojú rẹ̀, 2RS ni onírọ́bà. Àwọn iléeṣẹ́ kan ń kọ DDU tàbí LLU, onírọ́bà náà ni. Ìlú abẹ́ àpáta ni a wà; gíráńdà tó ń gé òkúta àti táìsì, onírọ́bà ni kí ẹ rà fún un, torí eruku máa ń gba ẹ̀gbẹ́ onírin wọlé. Tí ẹ bá ń tì í sórí irin àmáṣọ̀, ẹ wá páìpù tó bá òrùka inú mu, kí ẹ fi rọra gbá a. Ẹni tó bá gbá òrùka ìta, ariwo ni yóò máa gbọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Súwíìṣì kò gba àlàyé púpọ̀. Gíráńdà 2,000W ń fa iná tó bí áńpì 9, ẹ má fi súwíìṣì iná ilé sí i, ẹ má sì so wáyà papọ̀ kó máa yí bí ẹ bá ti ki púlọ́ọ̀gì bọlé.

Nọ́ọ̀tì tó ń di dísìkì mú náà ní tirẹ̀: gíráńdà ńlá tí a mọ̀ níbí ń lo M14 (mìlímítà 14), ọ̀pọ̀ ti Amẹ́ríkà ń lo 5/8 íǹṣì. Ẹ má fi tipátipá wé e.

Bó bá di pé Èkó ni páàtì wà, ẹ kọ nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì tán pátápátá, àti lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ ya pátákó rẹ̀ ní fọ́tò. Ọ̀nà Ọ̀wọdé Onírin kì í ṣe ibi tí èèyàn ń lọ lẹ́ẹ̀mejì nítorí kábọ́ọ̀nù. Bí àmáṣọ̀ àti kọ́ìlì bá sì jó pọ̀, ẹ jẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tú jíà, súwíìṣì, nọ́ọ̀tì àti ilé kábọ́ọ̀nù jáde, kí ẹ fi wọ́n sínú agolo, kí ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ náà sí i lára.