Bí Mo Ṣe Wá Màríà Títí Lójú Ṣọ́ọ̀ṣì Rẹ̀ ní Venice

Owó tí mo san fún amọ̀nà tó mú mi kiri àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìgbà Baroque (ọ̀nà ìkọ́lé aláràbarà ti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún) ní Venice, ní Ítálì, ṣì ń dùn mí. Nígbà tí a dé iwájú Santa Maria del Giglio, ó ní ẹni mímọ́ ni gbogbo ère tó wà lára ògiri náà, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ àwọn àwòrán tí mo yà. Lálẹ́, mo wá Màríà tó ni ṣọ́ọ̀ṣì nínú àwòrán wọ̀nyí títí, n kò rí i.

Mo tún san euro 9.50 fún ọkọ̀ ojú omi ní ọjọ́ kejì kí n lè padà síbẹ̀. Ère tó wà lókè ẹnu ọ̀nà kò ṣòro fún mi: Antonio Barbaro ni, olóyè ológun tó kú ní 1679, tó fi 30,000 ducat (owó Venice nígbà náà) sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún rẹ̀ kí Giuseppe Sardi lè kọ́ ojú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ère àwọn arákùnrin rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú ihò ògiri nísàlẹ̀.

Àwòrán ìlú mẹ́fà tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta nísàlẹ̀ pátápátá ló dá mi dúró. Èrò mi ni pé Jerúsálẹ́mù àti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù yóò wà níbẹ̀, mo sì fi wákàtí kan gbáko bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó sọ owó nù, tí àwọn èèyàn ń yà fún mi. Zara, Candia (ìlú kan ní erékùṣù Kírétè), Corfu, Split àti Padua ni mo bá pàdé, Róòmù sì wà láàárín wọn, èyí tó tún dà mí láàmú sí i, kí n tó mọ̀ pé ibi tí Barbaro ti ṣiṣẹ́ ìjọba ni gbogbo wọn. Oríkì ara rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbẹ́ sí ilé Ọlọ́run!

Láti ìgbà náà, ojú mi là. Ní San Moisè, tí Alessandro Tremignon ya àwòrán rẹ̀, kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó tọ́ka sí ère orí Vincenzo Fini lókè ẹnu ọ̀nà, olówó tí ìdílé rẹ̀ fowó ra oyè ọlọ́lá nígbà ogun Candia, tí Venice bá àwọn Tọ́kì jà lórí Kírétè.

Bí mo bá tún lọ, òkè ẹnu ọ̀nà ni n ó kọ́kọ́ wò, n ó sì bi amọ̀nà léèrè ibi tí Màríà wà kí n tó yọ owó.