Itan tó fara pa ní irúgbìn tirẹ̀: ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti ará ilé ní Kétu

Yorùbá ń pe ohun púpọ̀ ní iṣan: ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, okùn tó so ẹran mọ́ egungun, àti ẹran pupa tó wà ní itan, ní apá àti ní ẹ̀yìn wa. Ẹran pupa yẹn, èyí tí a fi ń gbé ọkọ́ sókè, ni ìwé yìí dá lé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú mi kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gé ẹyìn, ìdì kan já bọ́ lù ú ní itan. Egungun kò ṣẹ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà la gbé omi kaná. Ìyá àgbà ń ri aṣọ bọ omi gbígbóná, ó ń fi tẹ itan náà, èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó ń ké, a ní kó fara dà á. Àárọ̀ àti alẹ́ la fi ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Itan wú, ó le bí odó. Nígbà tó lé lóṣù kan, fọ́tò tí wọ́n yà nílé ìwòsàn fi hàn pé egungun ti ń hù nínú ẹran itan, níbi tí Ọlọ́run kò fi egungun sí. Ìfẹ́ la fi ṣe é, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a ṣe é ni kò dára.

Ohun tó ń lọ nínú ẹran náà

Ní ọdún 1961, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Alexander Mauro ń wo iṣan ọ̀pọ̀lọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó sì rí àwọn sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ (sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara wa) tó fara mọ́ ẹ̀gbẹ́ fọ́nrán iṣan. Ìwé yìí yóò máa pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì irúgbìn, torí iṣẹ́ wọn jọ ti àgbàdo tí a so kọ́ sókè àjà, tí èéfín ń fín: bó ti wù kí ebi pani tó, a kì í sọ ọ́ sínú ìkòkò.

Jíìnì ló ń sọ fún wọn ohun tí wọn yóò ṣe. Ìtọ́ni tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni jíìnì, ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí oníbodè Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè Kétu, ṣe ní àsìkò tó ń ṣílẹ̀kùn àti àsìkò tó ń tì í láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni ara ń ṣí jíìnì kan, tó ń ti òmíràn.

Jíìnì tó ń pa irúgbìn mọ́ ni PAX7. Eku tí wọ́n bí láìní in kì í ní sẹ́ẹ̀lì irúgbìn tó tó nǹkan. Bí iṣan bá ya, ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dé, láàárín wákàtí mélòó kan, láti kó òkú ẹran kúrò. Ìdí nìyí tí ojú ibẹ̀ fi ń wú, tó ń gbóná. Kò sí àgbẹ̀ tó ń gbin àgbàdo sínú igbó tí kò tíì ṣán. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí kan náà ló ń jí irúgbìn: jíìnì tó ń jẹ́ MYOD á ṣí, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Ní 1987, ní ìlú Seattle, wọ́n fi jíìnì yìí sínú sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe ti iṣan rárá, ó sì sọ ọ́ di ti iṣan. Lẹ́yìn náà ni jíìnì tó ń jẹ́ myogenin yóò ṣí, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì á dẹ́kun pípọ̀, tí wọn á so pọ̀ di fọ́nrán gígùn. Àwọn díẹ̀ kì í bá wọn lọ: wọ́n ń padà sórí àjà de ọjọ́ mìíràn. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Lára eku, fọ́nrán tuntun ti máa ń hàn kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Lára ènìyàn, ìpalára ńlá lè gba oṣù. Bí a bá ń da ojú ibẹ̀ rú tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sínú rẹ̀ léraléra, àpá líle ló ń gba ipò ẹran.

Jíìnì kan tún wà tó ń sọ fún iṣan pé ó tó, má tóbi mọ́. Myostatin ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1997 ni wọ́n rí i. Irú màlúù Bẹ́ljíọ̀mù kan wà tí jíìnì yìí bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹran itan rẹ̀ yọ gọ̀ǹgọ̀ bí ẹni pé wọ́n di ẹrù sí i lábẹ́ awọ.

Ohun tí ẹ ó ṣe nílé

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́: ẹ má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi òrí wọ́ ọ, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi tútù lé e, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sórí ìrọ̀rí, ẹ fi aṣọ wé e láìfún un. Kó sinmi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má jẹ́ kó dùbúlẹ̀ títí. Kó máa ká ẹsẹ̀, kó máa nà án, dé ibi tí ìrora bá ti ní kó dúró. Ìrìn díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ́ kí fọ́nrán tuntun tò sí ọ̀nà kan náà. Iṣan tí a dì mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ń joro. Ó di ìgbà tí ẹsẹ̀ náà bá lè ṣe gbogbo ohun tí èkejì ń ṣe láìdùn ún, kó tó padà sídìí ebè.

Ẹ̀wà, àkàrà, ẹja gbígbẹ, ẹyin, wàgàsì àwọn Fúlàní: nínú wọn ni ara ti ń rí ohun tó fi ń hun ẹran. Gààrí nìkan kò tó.

Ti àgbàlagbà máa ń pẹ́ kó tó san. Ìwádìí kan ní 2005 so ẹ̀jẹ̀ eku arúgbó pọ̀ mọ́ ti ọ̀dọ́, iṣan arúgbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ ṣe dáadáa. Irúgbìn rẹ̀ ṣì wà. Ohùn tó ń jí i ló ti rẹlẹ̀. Ẹ ní sùúrù fún wọn, ẹ má sì dá ìrìn wọn dúró.

Ẹ má ṣe jáfara, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, bí kò bá lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Bí erùpẹ̀ bá wọ ojú ọgbẹ́, nítorí tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bí ẹsẹ̀ bá le gan-an, tí ìka rẹ̀ tutù tàbí tó kú tipiri. Tàbí bí ìtọ̀ bá dúdú bí kọfí lẹ́yìn tí ògiri tàbí ọkọ̀ tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀.

Ọmọkùnrin tó ń ṣubú ṣáá

Àìsàn kan wà tí a ń jogún, Duchenne ni wọ́n ń pè é. Jíìnì tó bàjẹ́ níbẹ̀ ni dystrophin, ọ̀kan lára àwọn jíìnì ènìyàn tó gùn jù lọ. Láìsí i, fọ́nrán iṣan ń ya lójoojúmọ́, ọmọ kò sì tíì dàgbà tí irúgbìn rẹ̀ kò fi lè kún un mọ́. Ọmọkùnrin ló ń mú jù. Ìyá lè gbé e láìmọ̀, ó sì tún lè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ fúnra rẹ̀. Mo ti gbọ́ kí wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìyá àgbà, kí wọ́n ní àjẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí gan-an, torí kò sí ẹni tó ṣe ọmọ náà ní nǹkan.

Kò sí oògùn tó ń mú un kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n èyí tó ń fà á sẹ́yìn wà, ó sì sàn kí a tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọ bá pẹ́ kó tó rìn, tó ń ṣubú ṣáá, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó, kó sì dìde lójú dókítà. Bó bá ń fi ọwọ́ gun itan ara rẹ̀ bí ẹni ń gun àkàbà kó tó lè nàró, ẹ ní kí dókítà wo ìyẹn dáadáa.