Bí a ṣe ń fi ìlù ọkàn díwọ̀n eré ọ̀nà jíjìn

Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń rí ní pápá ìṣeré tí ó wà ní ọ̀nà Ibrahim Taiwo ní Ìlọrin ni wọ́n ń sá gbogbo eré wọn bí ẹni tí ajá ń lé, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀. Iṣẹ́ kan wà tí ọkàn àti iṣan ń kọ́ dáadáa nínú eré pẹ̀lẹ́, ìlù ọkàn ni a sì fi ń mọ̀ bóyá eré náà pẹ̀lẹ́ lóòótọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye ìgbà tí ọkàn yín ń lù ní ìsinmi. Bí ẹ bá jí, kí ẹ tó dìde lọ ṣe àlùwàlá Àsùbáà, ẹ gbé ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín lé ọrùn ọwọ́, kí ẹ sì kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ má fi àtàǹpàkò kà á, nítorí pé ó ní ìlù tirẹ̀, yóò sì da kíkà yín rú. Láàárín 60 sí 100 ni ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà; ti ẹni tí ó ti ń sáré pẹ́ lè kéré sí 60 dáadáa. Ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé lójoojúmọ́. Bí ó bá fi 8 ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, mo máa ń ní kí sárésáré náà sinmi, nítorí pé ibà lè ti wọlé, tàbí kí àárẹ̀ àná má tíì lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ ọjọ́ orí yín kúrò nínú 220. Ohun tí ó kù ni iye tí ọkàn lè lù dé ní ìṣẹ́jú kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè fi bíi 10 yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Eré pẹ̀lẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 75 nínú 100 rẹ̀. Fún ẹni ọdún 20, ààlà náà jẹ́ 150. Ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí àyà ń dùn, kí ó rí dókítà ná, nítorí pé àwọn oògùn kan máa ń dín ìlù ọkàn kù.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ nìyí. Bí ẹ bá ti sáré fún ìṣẹ́jú 10, ẹ dúró, kí ẹ fọwọ́ kan ìlù náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ kà á fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré, kí ẹ sì fi 6 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni ọdún 20 kò gbọdọ̀ kà ju 25 lọ. Púpọ̀ nínú wọn a kọ́kọ́ mí, wọn a nu òógùn, wọn a wá aago kiri, nígbà tí wọn yóò bá fi kà á, ọkàn ti rọ̀, iye tí wọ́n rí kì í sì í ṣe ti eré tí wọ́n sá.

Àwọn mìíràn a kà á dáadáa, wọn a rí 29, síbẹ̀ wọn kò ní dẹwọ́, nítorí pé ojú ń tì wọ́n kí èrò ọ̀nà má baà rò pé wọn kò lè sáré. Mo bẹ̀ yín, ẹ dẹwọ́. Bí ó bá gba kí ẹ rìn, ẹ rìn, pàápàá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Sòbí. Nínú eré pẹ̀lẹ́ tí ó pẹ́ ni ọkàn ti ń kọ́ bí yóò ṣe máa tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde nínú ìlù kan ṣoṣo, tí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín sì ń pọ̀ sí i nínú iṣan ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sáré tete yóò ti rẹ̀ kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ooru oṣù kẹta, ẹ tún dẹwọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ara ń darí ẹ̀jẹ̀ sí awọ ara láti tu ara rẹ̀, ọkàn a sì máa yára sí i. Nínú Ààwẹ̀ Ràmàdáánì, mo máa ń fi eré sí ìgbà tí ìṣínu kù díẹ̀, kí omi lè wà nítòsí.

Aago olówó gọbọi tí ń ka ìlù ọkàn kò pọn dandan; bí òógùn bá pọ̀ tàbí tí okùn rẹ̀ dẹ̀, ó lè ṣìnà. Aago tí ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ti tó. Bí kò bá sí aago rárá, ẹ ki oríkì ìlú yín bí ẹ ti ń sáré. Ọmọ Ọ̀fà tí kò lè sọ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, kí ó sì tẹ̀ síwájú nínú oríkì náà láì mí hẹlẹhẹlẹ, ti sáré jù.

Eré kíkankíkan kò ní wàhálà: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ méjì tí ó tẹ̀ léra. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìméjì, ẹ sá kìlómítà 5 kan náà ní òwúrọ̀, lójú ọ̀nà kan náà, kí ìlù ọkàn wà ní ààlà yín, kí ẹ sì kọ iye ìṣẹ́jú tí ó gbà sí ẹ̀gbẹ́ ìlù ìsinmi ọjọ́ náà.