Bí mo ṣe fi ìdáná màámi ṣàlàyé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ní Kétu

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní SVT (ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti ilẹ̀) ní CEG, ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Kétu ní Benin, ló pè mí, ó ní àbúrò, ìwọ tó ò ń ṣe biochimie yìí, wá bá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀, àmọ́ Yorùbá ni kó o sọ o, wọ́n ti gbọ́ Faransé tó. Mo ní kò sí wàhálà. Wàhálà wà o.

Oògùn tí wọ́n pò ní laboratoire, tó ń fi ohun tí wọ́n ń pè ní stress oxydant pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ni mò ń kà nípa ẹ̀. Mo wá Yorùbá tí mo máa pè é títí, mo dé orí "àìbalẹ̀-ara ọ́síjìn", ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín, màámi gbọ́ ọ wọ́n ní ṣé ibà ni. Ìdáná ni wọ́n wà tí wọ́n ń fẹ́ná, igi tútù ló wà nínú ààrò, èéfín gba gbogbo ibẹ̀, ojú wọn ń ṣomi, àfi bí mo ṣe ní ah, mo ti rí i!

Bí mo ṣe wá sọ ọ́ nìyí. Ààrò wà nínú sẹ́ẹ̀lì, mitochondrie ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ló ti ń fi ọ́síjìn sun oúnjẹ kó lè lágbára, èéfín ẹ̀ sì ni eau oxygénée (hydrogen peroxide) àtàwọn mìíràn tó burú jù ú lọ, tó ń ba ADN (DNA) àti awọ sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Fèrèsé tó ń lé e jáde ni catalase àti glutathione, àwọn nǹkan inú sẹ́ẹ̀lì tó ń pa èéfín yẹn rẹ́. Tí èéfín bá ju ohun tí fèrèsé lè lé lọ, stress oxydant nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í sinmi, ó ń pọ̀ sí i ṣáá, nítorí náà èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìdáná ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí oògùn bá wá di fèrèsé yẹn tàbí tó bu igi tútù sí i, ààrò á lu, cytochrome c, purotéènì kan tó ń gbé inú ààrò yẹn, á jò jáde, sẹ́ẹ̀lì náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ara ẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Sẹ́ẹ̀lì tí ara ẹ̀ dá ṣì ní àyè díẹ̀ láti fara dà á, kì í ṣe gbogbo ìgbà ṣá.

Mo ra eau oxygénée 10 volumes ní fàmásì, mo ra ẹ̀dọ̀ màlúù. Mo da á sórí ẹ̀dọ̀ tútù, ìfófòó ru sókè títí ó fi kún orí kàyé ẹ̀gbọ́n mi (ó bínú), catalase ló ń sọ ọ́ di omi àti ọ́síjìn. Mo da á sórí èyí tí a ti sè, kò ru. Iná ti pa catalase ibẹ̀, fèrèsé ti dí.

Ọmọbìnrin kan wá ní: bọ̀ọ̀dá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé èéfín ló pa á, tí kì í ṣe oògùn gan-an? Inú mi dùn débi! Mo ní a máa kọ́kọ́ fún irú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń sìn nínú àwo ní laboratoire bíi K562, tí wọ́n gbà lára obìnrin ọmọ ọdún 53 kan, ní N-acétylcystéine, ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe glutathione, ká tó da oògùn sí i. Tí wọn ò bá kú mọ́, èéfín ni. Ọ̀pọ̀ oògùn bẹ́ẹ̀ kì í kúrò nínú àwo, àmọ́ arsenic trioxide, tí èéfín wà lára ohun tó fi ń ṣiṣẹ́, dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 2000 fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan.

Ó tún ní: ṣé ẹni tó bá wá ń mu àwọn vitamine tó ń lé èéfín, kò ní máa ṣí fèrèsé fún jẹjẹrẹ ni? Mo ní nínú àwo, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Lára èèyàn, kó bi dókítà ẹ̀ kó tó gbé e mì.