Síárìn Géèmù Àkọ́kọ́ Mi fún Drift, àti Gbogbo Ohun Tí Páálí Rẹ̀ Kò Ní

Ohun tó mú mi kọ ìrírí yìí ni pé iye tí mo ra síárìn géèmù mi kò ju bí ìdajì owó tí mo ná lọ kí n tó lè mú ọkọ̀ kan yọ̀ kọjá kọ́nà lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí náà pé ohun gbogbo tí olùbẹ̀rẹ̀ nílò ti pé sínú rẹ̀. Ó lè pé fún ẹni tó fẹ́ máa sáré yí pápá ìdíje ká, ṣùgbọ́n ní ti drift, ohun tó ṣe kókó gan-an ni kò sí níbẹ̀. Pẹ́dà méjì péré ni mo bá, ti tọ̀tù (èyí tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré) àti ti bíréèkì. Kò sí kílọ́ọ̀ṣì, kò sí bíréèkì ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni irin tí a fi ń de síárìn mọ́ etí tábìlì, ọjà ọ̀tọ̀ lòun náà.

Kì í ṣe pé mo ń wá àṣejù. Ẹni tó bá ń ṣe drift ń mọ̀ọ́mọ̀ mú kí táyà ẹ̀yìn má di ojú ọ̀nà mú mọ́, kí ìdí ọkọ̀ lè máa gbá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí òun ṣe ń fi síárìn àti tọ̀tù ṣọ́ ọ kó má baà yí pòòyì. Ọ̀nà méjì tí a fi sábà ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kí a fa bíréèkì ọwọ́, èyí tó máa ń di táyà ẹ̀yìn pa, tàbí kí a tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ́ńjìnnì ké sókè, kí a sì ju kílọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀ lójijì kí agbára rẹ̀ lè ya lu táyà ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí wọ́n bá ta síárìn drift fún láìsí ọ̀kankan nínú méjèèjì, ọkọ́ tí kò ní ẹ̀rúkọ́ ni wọ́n tà fún un.

Ní ti síárìn fúnra rẹ̀, oríṣi mẹ́ta ló wà. Àwọn kan wà tí ẹ̀rọ inú wọn ń fi jíà yí síárìn, bí Logitech G29; àwọn kan ń fi bẹ́líìtì yí i, bí Thrustmaster T300; èyí tí wọ́n ń pè ní direct drive sì ni èyí tí síárìn jókòó tààrà sórí irin ẹ̀rọ náà, tí nǹkan kan kò sí láàárín wọn. Iye Nm, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí síárìn fi ń yí mọ́ni lọ́wọ́, ni àwọn tó ń tà á máa ń pariwo. Moza R5 jẹ́ 5.5 Nm, Fanatec CSL DD jẹ́ 5 Nm, ó sì ń di 8 Nm bí a bá ra ẹ̀rọ iná tó tóbi sí i. Wọ́n fẹ́ kí a gbà pé 8 sàn ju 5 lọ, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ní ti drift, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìdí ọkọ̀ bá ti gbá, bí wọ́n ṣe to táyà iwájú máa ń mú kó fẹ́ dojú kọ ibi tí ọkọ̀ ń yọ̀ lọ. Awakọ̀ á dẹ ọwọ́, síárìn á fúnra rẹ̀ yí wìn-ìn, awakọ̀ á sì gbá a mú níbi tó bá yẹ. Síárìn tó bá falẹ̀, bó ti wù kó lágbára tó, ọkọ̀ á ti yí pòòyì kó tó dé ibi tó ń lọ. Ìdí nìyí tí mo fi mú direct drive kékeré tí kò ju nǹkan bí 5 Nm lọ, mo sì ń fi yangàn títí di òní pé mi ò jẹ́ kí wọ́n ta èyí tó ju ìyẹn fún mi.

Bí a ṣe ń dè é mọ́ tábìlì àti bí a ṣe ń so wáyà rẹ̀ kò gba àlàyé. Ibi tí mo há sí ni ìgbà tí mo ṣí Assetto Corsa, ìyẹn géèmù ọkọ̀ tí mo ń lò. Mo fa bíréèkì ọwọ́, ìdí ọkọ̀ gbá, mo dẹ ọwọ́, síárìn sì rọra ń fà bọ̀ ṣáá. Kó tó dé ìdajì ọ̀nà, ọkọ̀ ti kọjú sí ibi tó ti ń bọ̀. Mo tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á fún mi, wọ́n ní kí n yọ wáyà USB, kí n tún un kì bọ̀ ọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, kò yí nǹkan kan padà. Èsì tó tẹ̀ lé e ni pé àwọn tó fẹ́ ṣe drift sábà máa ń ra èyí tó lágbára ju tèmi lọ. Inú bí mi dé góńgó, nítorí mo mọ̀ pé agbára kọ́ ni ìṣòro náà.

Inú áàpù tó bá síárìn wá ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ti di síárìn náà lọ́wọ́ láti ilé-iṣẹ́ wá. Ohun kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ damping, bí síárìn bá ṣe ń yára tó ni òun náà ṣe ń dènà rẹ̀ tó; òmíràn ń jẹ́ friction, tó ń fà á sẹ́yìn nígbà gbogbo; ẹ̀kẹta ló bí mi nínú jù, nítorí ṣe ló kàn ń fi òté lé eré tí síárìn lè sá. Wọ́n wúlò fún ẹni tó ń sáré ìdíje, torí wọn kì í jẹ́ kí síárìn máa gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò sí ibì kan nínú ìwé pélébé inú páálí tí wọ́n ti mẹ́nu bà á.

Mo gbé damping àti friction wálẹ̀ dé òdo, mo mú òté eré kúrò pátápátá, síárìn sì yí débi pé díẹ̀ ló kù kó gbá mi ní àtàǹpàkò. Àṣejù tún dé, nítorí bí mo bá fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà tó tọ́, ṣe ló ń ju ara rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Mo wá ń dá damping padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dákẹ́ láìjẹ́ pé ó tún di ọ̀lẹ. Nínú géèmù, mo dín gain kù, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí géèmù ń béèrè lọ́wọ́ síárìn, torí bí agbára tí géèmù ń béèrè bá ju èyí tí ẹ̀rọ kékeré lè mú wá, ọwọ́ kò ní mọ ìyàtọ̀ mọ́ láàárín táyà tó ń yọ̀ díẹ̀ àti èyí tó ti lọ pátápátá. Mo sì rí i dájú pé dígíríì 900 tí mo yàn nínú áàpù, ìyẹn bí síárìn ṣe lè yí tó láti òpin kan dé èkejì, ni géèmù náà ń lò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ so kọ́nà méjì pọ̀ láìjẹ́ kí ìdí ọkọ̀ balẹ̀ láàárín wọn, ariwo tí mo pa kọjá ti ẹni tó ń dá ṣeré nínú yàrá.

Bíréèkì ọwọ́ tí mo lọ rà lọ́tọ̀ ní USB tirẹ̀, kọ̀ǹpútà sì gbà á láìjanpata. Ẹ̀yin tó ń lo PlayStation tàbí Xbox, ẹ kọ́kọ́ wádìí, nítorí wọn kì í sábà gba ti ilé-iṣẹ́ mìíràn tí a kì bọ̀ wọ́n tààrà. Lọ́dọ̀ mi, Assetto Corsa fúnra rẹ̀, tó jáde ní 2014, kọ́kọ́ ka bíréèkì ọwọ́ sí bọ́tìnì lásán. Content Manager àti Custom Shaders Patch, àwọn àfikún tí àwọn olólùfẹ́ géèmù náà ṣe, ló jẹ́ kó mọ ìwọ̀n tí mo fà á dé. Àga tí mo jókòó lé, tó ní táyà lẹ́sẹ̀, tún jẹ́ wàhálà tirẹ̀: bí mo bá tẹ bíréèkì, èmi ni mò ń lọ sẹ́yìn, ọkọ̀ kò dúró.

Bí mo bá tún fẹ́ rà á lónìí, bíréèkì ọwọ́ ni mo máa kọ́kọ́ yọ owó rẹ̀ sọ́tọ̀, kílọ́ọ̀ṣì á lè dúró díẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká direct drive lè wá G29 àlòkù, nítorí pẹ́dà mẹ́ta ló ń bá a wá, kílọ́ọ̀ṣì wà nínú wọn. Yóò falẹ̀ díẹ̀ bó bá ń padà bọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ lè ràn án lọ́wọ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kí ó rí róbótó, kí ó má ṣe jẹ́ irú èyí tí wọ́n gé lórí gé nísàlẹ̀ bíi ti ọkọ̀ Formula 1, nítorí ọwọ́ tó bá fẹ́ gbá a mú níbi tó ti ń yí gbọ́dọ̀ bá etí rẹ̀ níbikíbi tó bá nà sí.