Bí mo ṣe ya Kappa, ẹbọra inú odò ilẹ̀ Jàpáánì

Omi orí rẹ̀ ló dà mí láàmú jù. Kappa, ẹbọra tí àwọn ará Jàpáánì ní ó ń gbé inú odò, kò ga ju ọmọdé lọ. Ó ní igbá lẹ́yìn bí ìjàpá, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ti ẹyẹ, awọ sì so àwọn ìka rẹ̀ pọ̀ bíi ti ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ní àtàrí rẹ̀ ni kòtò kan wà tó dà bí àwo, omi ló sì wà nínú rẹ̀. Omi yẹn ni agbára rẹ̀. Bó bá dà nù, agbára tán nìyẹn.

Èyí tí mo kọ́kọ́ yà, eyín gọngọ àti ojú pípọ́n ni mo fi sí i, kó lè bani lẹ́rù. Nígbà tí mo wò ó tán, ẹranko burúkú èyíkéyìí ló lè jẹ́. Mo fà á ya, mo padà sídìí ìtàn. Wọ́n ní Kappa a máa fa ẹṣin àtènìyàn wọ odò, síbẹ̀ ó mọ ìkíni púpọ̀: bí o bá tẹrí ba fún un, òun náà yóò tẹrí ba fún ọ, omi orí rẹ̀ yóò sì dà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ yà: ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹrí ba, tí omi ti dé etí àwo ṣùgbọ́n tí kò tíì dà.

Mo fi pẹ́ńsùlù yà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò jọ omi. Mo ti jẹ́ kí omi dagun pẹ̀lú àwo, àṣìṣe mi nìyẹn. Mo lọ sí kíṣìnì, mo bu omi sínú àwo pẹrẹsẹ kan, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo wá ń rọra gbé etí rẹ̀ kan sókè. Àwo ń dagun, ojú omi ò dagun. Ó kàn ń sún mọ́ etí kan, ó ń jìnnà sí èkejì. Ohun tí mo rí ni mo yà. Mo yà á bí ẹni pé mo dúró létí odò, tí mò ń wò ó láti òkè, kí ẹnu àwo lè hàn. Láti ìsàlẹ̀, orí pípá lásán ni ì bá jọ.

Ìtàn kan tún ní apá rẹ̀ méjèèjì so kọ́ra nínú ara: bí a bá fa ọ̀kan, èkejì yóò kúrú. Nítorí náà mo jẹ́ kí apá tó fi di òkúta mú gùn ju èkejì lọ. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Ẹni tí kò gbọ́ ìtàn náà rí yóò ṣáà mọ̀ pé nǹkan ṣàjèjì lára rẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì àti yíǹkì dúdú ló kàn, ilà nípọn níbi igbá ẹ̀yìn, ó tín-ín-rín níbi omi. Àwọ̀ ewé ni ọ̀pọ̀ ń kùn ún, ṣùgbọ́n ní Tono, ní agbègbè Iwate, wọ́n ní pupa ni. Pupa ni mo mú, torí koríko etí odò ti pọ̀ jù nínú àwòrán mi. N kò kun nǹkan kan sójú omi orí rẹ̀. Funfun bébà ni mo fi sílẹ̀.

Bébà kan ṣẹ́ kù, mo fi ya Amabie, ẹ̀dá inú òkun kan nínú ìtàn Jàpáánì. Lọ́dún 1846, ìwé ìròyìn olójú-ewé kan ròyìn pé nǹkan ń tàn lálẹ́ nínú òkun agbègbè Higo, tó jẹ́ Kumamoto lónìí. Òṣìṣẹ́ ìjọba lọ wò ó, ó bá ẹ̀dá onírun gígùn kan, tó ní ẹnu ẹyẹ, ìpẹ́ àti ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀dá náà sọ pé ọdún mẹ́fà ni ìkórè yóò fi dára, ṣùgbọ́n àrùn yóò jà pẹ̀lú. Kí wọ́n ya àwòrán òun, kí wọ́n tètè fi han àwọn ènìyàn. Lọ́dún 2020, nígbà Kòrónà, àìmọye ará Jàpáánì ló tún yà á. Èmi náà yà á láìlo pẹ́ńsùlù, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé yóò ti rí i.